Obìnrin Tí Kò Ní Ọ̀gá

"Ta ni ọ̀gá tó fún ọ ní fìrídọ̀ọ̀mù?"

Bọ́dúnrìn, alága ẹgbẹ́ àwọn aránṣọ àti oníṣẹ́ mónógíráàmù ní Ìjẹ̀bú-Òde, ló bi Tabitha ní ìbéèrè yìí lójú gbogbo ìpàdé, lọ́dún tí obìnrin náà kọ́kọ́ lọ fi ara rẹ̀ hàn wọ́n. Kì í ṣe ìbéèrè ìkà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bi ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọ ẹgbẹ́. Ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ á dárúkọ ọ̀gá rẹ̀, á mú fọ́tò ọjọ́ fìrídọ̀ọ̀mù jáde, níbi tó ti kúnlẹ̀ tí ọ̀gá gbọ́wọ́ lé e lórí, wọn á pàtẹ́wọ́ fún un, ó tán. Ṣùgbọ́n Tabitha kò kúnlẹ̀ kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí. Ó dúró láàárín àwọn bẹ́ǹṣì, ó gbá báàgì rẹ̀ mọ́ àyà, ó ní:

"Kò sẹ́ni, sà. Èmi ni mo kọ́ ara mi."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn ní, "Ẹ ò gbọ́ nǹkan! Ọmọ tó bí ara rẹ̀." Bọ́dúnrìn ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n, ó ní àwọn á gbà á, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ dára, àmọ́ òfin ni òfin: ẹni tí wọn ò fún ní fìrídọ̀ọ̀mù kò lè fún ẹlòmíràn. Kò gbọdọ̀ gba ọmọ iṣẹ́.

Ohun tí wọ́n fi bù ú kù lọ́jọ́ náà ló wá fi ṣe ọ̀ṣọ́. Bí oníbàárà bá yin iṣẹ́ rẹ̀, tó béèrè ibi tó ti kọ́ ọ, á gbé ojú sókè díẹ̀, á ní, "Kò sẹ́ni." Kò kọ́lé, kò ra mọ́tò. Ọkọ rẹ̀ kú kí Olúmidé, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, tó jáde nílé-ìwé girama. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kékeré yìí, ikú ò lè mú un, ọ̀wọ́n ọjà ò lè jẹ ẹ́ run. Ohun-ìní rẹ̀ ni.

Òótọ́ sì ni. Ẹ̀rọ mónógíráàmù tòkunbọ̀ tó rà nígbà náà bá kọ̀ǹpútà kan wá, ó tóbi bí àpótí aṣọ, ojú rẹ̀ dúdú, ìkọ̀wé ojú rẹ̀ funfun bí ẹfun. Kò sí ìwé kankan tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó tà á fún un ní Èkó kò mọ̀ ju bí wọ́n ṣe ń tàn án lọ. Ètò kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n fi ń ya iṣẹ́ ọnà kí ẹ̀rọ tó rán an: èèyàn á máa fi bọ́tìnnì darí àmì kékeré kan kiri, á máa sàmì sí ibi tí abẹ́rẹ́ yóò ti gún aṣọ, lọ́kọ̀ọ̀kan, lọ́kọ̀ọ̀kan. Tabitha tẹ bọ́tìnnì kan, ó wo ohun tó ṣe. Ó tẹ òmíràn, gbogbo iṣẹ́ àárọ̀ pa rẹ́. Ó sunkún, ó fojú nù, ó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ó mọ ìró tí kọ̀ǹpútà náà ń ṣe bó bá ń ronú, bí abiyamọ ṣe ń mọ ikọ́ ọmọ rẹ̀ láàárín ikọ́ àwọn ọmọ yòókù.

Ètò náà kì í yára. Bí Tabitha bá ya nǹkan tán, tó ní kí ètò náà fi gbogbo rẹ̀ han òun, ìlà kan á jáde, á dúró díẹ̀, òmíràn á tẹ̀ lé e, bí ìgbà tí awunṣọ ń ju ọ̀kọ̀. Tabitha náà kì í yára. Wọ́n bá ara wọn mu.

Imọ̀ ọ̀pẹ ló sọ orúkọ rẹ̀ di ńlá. Ó yà á sí kọ́là ẹ̀wù akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn, gbogbo ewé rẹ̀ sì tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni pé atẹ́gùn ń fẹ́ nínú aṣọ. Àwọn èèyàn wá láti Ayépé, wọ́n wá láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, wọ́n na ọwọ́ kan kọ́là náà bóyá yóò mì. "Atẹ́gùn Tabitha" ni àwọn akọrin ń pè é.

Ìgbà yẹn ni ọmọdébìnrin kan tó ń jẹ́ Hafeezah máa ń dúró lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù náà bó bá ń ti ilé kéú bọ̀, á máa wo ojú dúdú yẹn. Lọ́jọ́ kan, ìyá rẹ̀ mú un wọlé, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Olúmidé, ẹ bá mi mú ọmọ yìí. Iṣẹ́ yín ló ní òun fẹ́. Mo ti ní kó kọ́ irun dídì, ó ní rárá."

Tabitha wo ọmọ náà, ó sì fẹ́ ẹ. Èyí ni ohun tí kò sọ fún ẹ̀dá alààyè kan rí. Ó fẹ́ ọmọ náà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó bá parí iṣẹ́, fọ́tò wo ni yóò gbé kọ́ ògiri? Ọwọ́ ta ni yóò wà lórí rẹ̀ nínú fọ́tò ọ̀hún?

"Mi ò gba ọmọ iṣẹ́," ló wí, ó sì yíjú sí ẹ̀rọ rẹ̀.

Hafeezah lọ kọ́ṣẹ́ ní Ìbàdàn. Nígbà tó padà dé, ó ti di obìnrin, ó ti lọ́kọ, ó sì gba ṣọ́ọ̀bù sí ọ̀gangan iwájú ti Tabitha. Gọ́tà àti ọ̀nà tí àwọn kẹ̀kẹ́ ń gbà ló wà láàárín wọn. Ẹ̀rọ tuntun tó gbé wá ní orí púpọ̀, gbogbo orí náà ń rán aṣọ lẹ́ẹ̀kan náà. Fọ́tò fìrídọ̀ọ̀mù rẹ̀ wà lára ògiri, nínú gíláàsì, ibi tí ojú Tabitha máa ń bà lé bí ó bá ti gbórí sókè lẹ́nu iṣẹ́. Láràárọ̀, ọmọ náà á sọdá, á kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà: "Ẹ káàárọ̀, Mà. Ṣé ẹ sùn dáadáa?" Kò fi ọjọ́ kan jẹ. Ìkúnlẹ̀ yẹn gan-an ni kì í jẹ́ kí oúnjẹ àárọ̀ lọ lọ́nà ọ̀fun Tabitha. Bó bá ṣe pé ọmọ náà gbójú sí i ni, ì bá rí nǹkan bá a jà sí.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà òjò, kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà kú. Kò pariwo. Ó mí kan, ojú rẹ̀ ṣú. Àwọn alátùn-ún-ṣe tó wá yẹ̀ ẹ́ wò ń pa ẹ̀rín mọ́nú. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Màmá, ẹ̀yà ara èyí ò sí láyé mọ́ o. Òkú àgbà ni. Ẹ jẹ́ ká kàn máa bá yín yọ̀."

Kò pẹ́ sí i ni Ọ̀gbẹ́ni Rufus, olórí akọrin, wọlé tòun ti ẹ̀wù àtijọ́ kan lọ́wọ́. Wọ́n fẹ́ rán ẹ̀wù tuntun fún ìkórè. Atẹ́gùn Tabitha ni wọ́n fẹ́ lọ́rùn rẹ̀, àfi pé kọ́là tuntun náà fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n ní láti ṣí àwòrán náà nínú ètò tó yà á, kí wọ́n fi ewé kún un.

"Kọ̀ǹpútà mi ti kú, Ọ̀gbẹ́ni Rufus."

"Mo ti gbọ́. Ìyẹn ò le rárá. Hafeezah á jí i."

"Á jí kí ni?"

"Ètò inú rẹ̀. Ẹ rántí èyí tí mo fi ń kọ orin sílẹ̀ nígbà yẹn, tí kọ̀ǹpútà tuntun ní òun ò mọ̀ ọ́n rí? Hafeezah bá mi gbé e sínú láàpútọ́ọ̀pù. Ojú dúdú, ìkọ̀wé funfun, gbogbo ẹ̀ pé! Ó ní emulétọ̀ ni wọ́n ń pè é. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó nínú ṣọ́ọ̀bù ọmọ ọlọ́mọ."

Tabitha ń ká ẹ̀wù náà. Ó ká a tán, ó tú u, ó tún un ká.

"Bó bá sì máa yọ yín lẹ́nu," ni Rufus wí, "ẹ kàn fún un ní ẹ̀wù yẹn. Ó ní òun lè ya fọ́tò rẹ̀ kí òun fi ṣe àdàkọ."

"Ẹ̀wù yìí ò kúrò níbí."

Rufus wò ó, ó sì rántí pé òun ní ibòmíràn láti lọ.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Tabitha ti fi ọ̀rọ̀ yẹn rọrí fún ìgbà pípẹ́. Kí Hafeezah ní ẹ̀rọ olórí púpọ̀, kó ní oníbàárà, kó ní fọ́tò. Aṣọ tuntun nìyẹn, ayé ló ń ta á. Ṣùgbọ́n ojú dúdú yẹn, àkísà òun ni. Òun nìkan ló mọ ibi tó ti ya àti ibi tí òun ti lẹ̀ ẹ́. Báwo ni ọmọ yìí ṣe wá ní aṣọ, tó tún na ọwọ́ sí àkísà? Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀, ọkàn rẹ̀ ń jó bí ti ìyàálé tó gbọ́ pé ọkọ òun ń rẹ́rìn-ín ní yàrá ìyàwó kékeré, ọkọ tí kì í rẹ́rìn-ín.

Ó pinnu pé òun á kọ́ ara òun, bí òun ṣe kọ́ ara òun nígbà àkọ́kọ́. Olúmidé ti fi láàpútọ́ọ̀pù kan sílẹ̀ fún un nígbà tó wálé kẹ́yìn. Ó fi fóònù pè é ní Èkó nítorí àwọn dísíkẹ́ẹ̀tì, àwọn àwo pẹlẹbẹ kékeré tó kó ètò àti àwòrán rẹ̀ pamọ́ sí.

"Olúmidé, ibo ni wọ́n ń ki dísíkẹ́ẹ̀tì bọ̀ lára nǹkan yìí?"

Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. "Màámi, kò ní ihò ẹ̀ mọ́! Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti dí i. Ẹ lọ bá Hafeezah, ṣebí iwájú yín náà ló wà."

"Mi ò bi ọ́ léèrè ẹni tí mo máa lọ bá. Ihò ni mo béèrè."

Ó fi fóònù wá emulétọ̀ yìí kiri, ó ń ka gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn. Ó pẹ́ kó tó rí i gbé sórí láàpútọ́ọ̀pù. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó tẹ̀ ẹ́, ojú dúdú náà sì ṣí, ìlà funfun kékeré ń ṣẹ́jú lápá òsì bó ṣe máa ń ṣẹ́jú nígbà ayé rẹ̀. Tabitha fọwọ́ bo ẹnu. Ó tẹ orúkọ ètò rẹ̀. Ìdáhùn tó jáde ni pé kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ó tún un tẹ̀. Kò sí. Ó ti kọ́ ilé náà padà tán, àmọ́ kò sẹ́nìkan nínú rẹ̀. Inú dísíkẹ́ẹ̀tì ni gbogbo ará ilé wà, kò sì mọ ọ̀nà tí yóò gbà kó wọn wọlé. Bẹ́ẹ̀ ìkórè ń sún mọ́lé.

Ó wá di àárọ̀ kan, Tabitha gbé agolo bísíkíìtì tó ń kó àwọn dísíkẹ́ẹ̀tì náà sí, ó fi gèlè dì í, ó sọdá gọ́tà. Kò sọdá ibẹ̀ rí láti ọjọ́ tí Hafeezah ti dé.

"Háà! Màmá wa!" Hafeezah dìde fìrì, ó kúnlẹ̀, ó fa àga. "Ẹ̀ bá ti ránṣẹ́ pè mí." Nígbà tó ṣí agolo náà, òórùn káńfọ̀ gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. "Káńfọ̀ kẹ̀? Ẹ tọ́jú wọn bí aṣọ ìyàwó, Mà."

"Aáyán ni mo sá fún."

"Aáyán kankan ò lè jẹ àbùjẹ lára èyí. Òun ni yóò kú."

Tabitha kò rẹ́rìn-ín. Hafeezah so nǹkan pẹlẹbẹ kan tó ní wáyà mọ́ láàpútọ́ọ̀pù, ó ní, "Bísímílláhì," ó ki dísíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ bọ̀ ọ́. Ó ń kùn. Ìró yẹn! Tabitha di etí àga mú.

"Ohun tí emulétọ̀ ń ṣe ò ju irọ́ lọ, Mà," ni Hafeezah ń ṣàlàyé bó ṣe ń tẹ̀. "Ètò yín jí, ó ń béèrè pé, níbo ni mo wà? Emulétọ̀ á ní, fọkàn balẹ̀, inú kọ̀ǹpútà rẹ àtijọ́ lo wà. Yóò ṣe ojú fún un, yóò ṣe etí, yóò ṣe ohun gbogbo bíi tàtijọ́. Ẹni àná ò ní mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́."

Ètò náà sì ṣí. Ó ṣí pẹrẹ, láìjanpata, fún ọwọ́ ọmọ yìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wáásáàpù rẹ̀ wà. Tabitha wò ó bí èèyàn ṣe ń wo ajá rẹ̀ tó rí lójúde aládùúgbò tó ń ju ìrù. Ọmọ náà ní kí ètò fi imọ̀ ọ̀pẹ hàn. Wàì! Gbogbo rẹ̀ yọ lẹ́ẹ̀kan.

"Èyí kọ́," ni Tabitha wí kíá. Inú rẹ̀ dùn, kò sì lè fi ìdùnnú náà pamọ́. "Kì í sáré báyìí. O ti bà á jẹ́."

"Ẹ máa bínú, Mà. Ẹ̀rọ tuntun ló lágbára jù fún un. Ẹ jẹ́ n dín in kù." Ó tẹ bọ́tìnnì méjì pa pọ̀. "Báyìí ńkọ́?"

"Ó ṣì yára."

"Báyìí?"

"Dín in kù sí i."

Ìlà kan jáde, ó dúró díẹ̀. Òmíràn tẹ̀ lé e. Ewé kan tẹ̀, ewé kejì tẹ̀ tẹ̀ lé e, láàpútọ́ọ̀pù tuntun ń rìn bí arúgbó tó mọ ibi tó ń lọ. Àbùkù ni Tabitha wá wá. Ó wò ó dé òpin ewé tó kẹ́yìn, kò rí ọ̀kan. Omi lé ròrò sójú rẹ̀, ó sì tẹrí ba wo ilẹ̀ kí ọmọ náà má baà rí i. Ọwọ́ rẹ̀ kan àjákù òwú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa wọ́n.

"Ẹ fi sílẹ̀, Mà! Iṣẹ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ nìyẹn."

Ọwọ́ Tabitha dúró. Ó ju gbogbo òwú náà sílẹ̀ bí ẹni tó ju ẹyin iná.

"Ẹ gbé láàpútọ́ọ̀pù tiyín wá lọ́la," ni Hafeezah wí, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ṣe é. Mi ò ní fọwọ́ kan iṣẹ́ yín."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí. Láràárọ̀, kí àwọn ọmọ iṣẹ́ tó dé, Tabitha á ti wà níbẹ̀. Kò sọ ìdí tó fi ń wá ní kùtùkùtù, Hafeezah náà kò béèrè; ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í tètè ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó fi hàn án bí wọ́n ṣe ń kó ohun inú dísíkẹ́ẹ̀tì wọlé, bí wọ́n ṣe ń fi orúkọ pe ibi tó wà, bí wọ́n ṣe ń dín eré ẹ̀rọ kù, bí wọ́n ṣe ń kọ àwòrán padà sínú dísíkẹ́ẹ̀tì kí ẹ̀rọ mónógíráàmù àtijọ́ lè rí i jẹ. Bí Tabitha bá gbàgbé, á tún un sọ, kò ní fi ohùn bú u. Sùúrù yẹn tún jẹ́ nǹkan mìíràn tí Tabitha ń jowú lára rẹ̀.

Nígbà kan, ó bi í léèrè bí ẹni tí kò kà á sí: "Ta ló kọ́ ọ ní emulétọ̀ yìí? Ọ̀gá rẹ ní Ìbàdàn?"

"Kò sẹ́ni, Mà." Hafeezah rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá mi ò mọ̀ ọ́n. Mo kàn ń tẹ̀ ẹ́ wò ni. Bí mo ṣe rí ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ṣe nígbà yẹn, lójú fèrèsé."

Tabitha kọjú sí láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀. Kò sẹ́ni! Ọmọ yìí ní fọ́tò lára ògiri, ó sì tún ní gbólóhùn náà pẹ̀lú. Ó ń sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín, bí ẹni tó rí i he lójú ọ̀nà. Òun tí kò ní ju ọ̀kan lọ, òun ni wọ́n tún gba ọ̀kan ọ̀hún lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n wọ ẹ̀wù náà lọ́jọ́ ìkórè. Bí àwọn akọrin ṣe ń wọlé, atẹ́gùn ń fẹ́ láti ọrùn dé ọrùn, àwọn tó wà ní bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn dìde láti wò ó. Tabitha fọwọ́ ara rẹ̀ ya gbogbo ewé tó kún un. Ẹnì kan ò lè já ìyẹn ní koro.

Nígbà ìpàdé ẹgbẹ́ tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé ọ̀kan nínú ẹ̀wù náà yí ká. Bọ́dúnrìn ti darúgbó, ó ti fi ipò alága sílẹ̀, àmọ́ àga iwájú ṣì ni tirẹ̀. Ó fi ìka tọ imọ̀ ọ̀pẹ náà, ó gbórí sókè.

"Tabitha, wọ́n ní kọ̀ǹpútà yẹn kú. Ó sì jí. Ta ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jí i?"

Ohùn bàbá náà kún fún ìfẹ́. Gbogbo ilé yíjú sí Tabitha. Hafeezah wà ní bẹ́ǹṣì kejì, ìborùn rẹ̀ aláwọ̀ ewé ni Tabitha kọ́kọ́ rí. Ọmọ náà ò bẹ̀bẹ̀, ò ṣẹ́jú sí i. Ó kàn ń wò ó, bó ṣe máa ń wò ó lójú fèrèsé.

Orúkọ náà dé ètè Tabitha. Ó mọ̀ pé bí òun bá pè é, kò sẹ́ni tí yóò rẹ́rìn-ín. Ó sì mọ ohun tí yóò kù fún òun nílé bí òun bá pè é tán.

"Kò sẹ́ni, sà," ló wí. "Èmi ni mo kọ́ ara mi."

Ariwo àtẹ́wọ́ sọ. Bọ́dúnrìn ń mi orí, ó ní, "Ọmọ tó bí ara rẹ̀!" Ó sì fi ṣe oríyìn lọ́tẹ̀ yìí. Hafeezah náà pàtẹ́wọ́. Ó pa á dáadáa, kò sì tètè dáwọ́ dúró.

Tabitha rò ó lọ́jọ́ náà láti se ìkọ́kọrẹ́ lọ fún Hafeezah. Ṣùgbọ́n abọ́ tí wọ́n bò tí wọ́n gbé sọdá títì, gbogbo ojú ló ń rí i, gbogbo ẹnu ló ń béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ó dá ewùrà tó fẹ́ fi sè é padà sórí pẹpẹ.

Nílẹ̀ wa, ẹni tí wọ́n ṣe lóore kì í jẹ́ kí oòrùn ọjọ́ kejì ga kó tó lọ wí pé ẹ ṣé àná. Ìyá Tabitha máa ń sọ pé ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà tó kóni lẹ́rù lọ ni. Lọ́jọ́ kejì ìpàdé, Hafeezah ló sọdá, bó ṣe máa ń sọdá. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ káàárọ̀, Mà. Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

Lórí tábìlì, ojú dúdú náà ti wà ní ṣíṣí, ìlà funfun ń ṣẹ́jú. Ọmọ náà rí i. Ó pẹ́ díẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

"Káàárọ̀," ni Tabitha wí.

Kò fi nǹkan kan kún un. Hafeezah dìde, ó gbọn ekuru orúnkún, ó sọdá padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. "O ṣé" kan ṣoṣo ni Tabitha jẹ ẹ́ ní gbèsè, ó sì jẹ ẹ́ di òní.